Wọ́n ní máàsì ò pọn dandan mọ́ fún ọmọ Art tó fẹ́ wọ yunifásítì: ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ

ÌyáTẹ́ní_Òṣogbo
Ẹ kú ilé o gbogbo ará ibí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba oorun lójú mi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, ó ti ṣe WAEC lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe NECO lẹ́ẹ̀kan. Yorùbá rẹ̀ A1, Literature B3, Government B2, CRS B3, Gẹ̀ẹ́sì C4. Máàsì nìkan ni wàhálà. F9 lákọ̀ọ́kọ́, ó tún un ṣe ó gba D7, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, D7 náà ló tún gbà. Lìǹgúísíìkì àti Yorùbá lọmọ yìí fẹ́ kà, kò sẹ́ni tó tì í síbẹ̀ o, láti kékeré ló ti máa ń jókòó ti ìyá mi tí màmá bá ń kí àwọn ọmọ lóríkì láàárọ̀, ó ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ibi tí kò bá yé e á padà lọ bi màmá títí á fi rí i kọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 la gbọ́ lórí rédíò pé Ministry of Education l'Ábújá ní ọmọ Art ò nílò kírẹ́dìtì (C6 sókè) nínú máàsì mọ́ kó tó wọ yunifásítì. Ọmọ náà sunkún, èmi náà sunkún. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, a tún gbọ́ pé ìjọba ní máàsì ṣì pọn dandan. Èwo ni ká wá gbà báyìí? Ṣé kí n tún lọ wá owó fọ́ọ̀mù GCE, WAEC ti àwọn tó ti jáde iléèwé, ni, àbí ká kọjú sí JAMB? Bàbá rẹ̀ ní òun ò ná kọ́bọ̀ mọ́ lórí máàsì, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Aṣọ rírán dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà nìyẹn.

BàbáAdmission
Ẹ kú ilé mà. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ́fíìsì àdìmíṣọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 14 sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yìí lojoojúmọ́ là ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn òbí.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n pa pọ̀ tó fi dà bíi pé ìjọba ń yí ohùn padà. Ọ̀kan ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún máàsì nínú WAEC tàbí NECO, kó sì jókòó ṣe é, ìyẹn ò yí padà rárá, ọmọ Art, ọmọ Science, gbogbo wọn ni. Èkejì ni pé tí ọmọ Art ò bá rí kírẹ́dìtì níbẹ̀, ìyẹn nìkan ò gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà yunifásítì mọ́ tí kọ́ọ̀sì tó fẹ́ ò bá nílò máàsì. Ìyẹn lohun tuntun tó dé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde, àwọn kan gbé e kiri pé wọ́n ti fa máàsì yọ kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì, ìdí nìyẹn tí Ministry fi jáde padà láti la ọ̀rọ̀.

Bó ṣe wà nínú ìlànà náà nìyí: yunifásítì, kírẹ́dìtì márùn-ún nínú àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó bá kọ́ọ̀sì náà mu, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, sitting, ìyẹn iye ìgbà tọ́mọ jókòó ṣe ìdánwò, kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Máàsì ṣì pọn dandan fún Science, Technology àti Social Science. Pólì fún ND (dípúlọ́mà àkọ́kọ́), kírẹ́dìtì mẹ́rin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mẹ́rin náà ni. HND (dípúlọ́mà àgbà tó tẹ̀ lé ND) lẹ ò ti lè yọ máàsì o, márùn-ún ni, Gẹ̀ẹ́sì àti máàsì wà níbẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ò fara sin. Bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ ló ń ṣe JAMB lọ́dọọdún, àwọn tó ń rí ilé-ìwé gíga wọ̀ nínú wọn bíi 700,000 ni. Ministry ní òun fẹ́ fi bíi 250,000 sí 300,000 kún un.

Mà, ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tí ẹ lè má kíyè sí. Èsì mẹ́ta lọmọ yín ní, méjì péré lẹ lè lò. Ẹ mú méjì tó lágbára jù, ẹ gbé ìyókù sílẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé láti gbé èsì náà sórí portal JAMB, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló gba máàkì tó pọ̀ tí wọn ò rí wọlé torí pé CAPS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí JAMB fi ń ṣe àdìmíṣọ̀n, ò rí O'level (èsì WAEC tàbí NECO) wọn.

Tísà_Ìṣirò_Èkìtì
Ọ̀gá, àlàyé yín yéni, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí ó ń dùn mí. Ọdún 17 ni mo ti ń kọ́ máàsì ní sẹ́kọ́ńdírì ìjọba. Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn yẹn jáde, mo wọ kíláàsì SS2 Art, ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bá. Mẹ́sàn-án! Àwọn tó kù wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo pè wọ́n, ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé "Ẹ má bínú sà, wọ́n ní kò kàn wá mọ́." Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ọmọ ò gbọ́ apá kejì àlàyé yẹn. Apá kìíní ló gbọ́. Ẹ wá wò ó, ọmọ tó máa ṣe akọ̀ròyìn tó fẹ́ ka èsì ìbò fáráyé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó fẹ́ ka Theatre Arts, ta ló máa bá a ṣírò owó àwọn òṣèré àti owó gbọ̀ngàn? Ìyá Tẹ́ní, mi ò sọ pé kí wọ́n dá ọmọ yín dúró o. Mò ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Mo_dúró_ọdún_mẹ́fà
Ẹ̀gbọ́n tísà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dá sí èyí.

Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí, ẹ wò ó dáadáa. 2009 ni mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, 2015 ni mo wọ yunifásítì. Máàsì ló gba ọdún mẹ́fà yẹn lọ́wọ́ mi. Àwọn àbúrò mi méjì gba iwájú mi wọlé. Lọ́dọọdún màmá mi á ta nǹkan, lọ́dún kan ó ta aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣègbéyàwó fún un, kí n lè ra fọ́ọ̀mù. Mo ní páálí bàtà kan tí mo ń kó gbogbo èsì náà sí, D7, E8, D7, F9, D7. Wọ́n wá mi wá láti special centre kan, wọ́n ní kí n mú owó wá, ẹlòmíì á bá mi kọ ọ́, B3 ni mo máa gbà. Ẹ mọ iye àwọn tí mo mọ̀ tó lọ? Wọ́n wọlé, wọ́n jáde, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Èmi tí mi ò fẹ́ jí ìwé wò, èmi ni mo jókòó sílé.

History ni mo kà nígbẹ̀yìn. Ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bi mí ní quadratic lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Torí náà tí ẹ bá ní òfin àtijọ́ yẹn ń mú kọ́mọ mọ máàsì, mo ní irọ́ ni, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ míràkù sẹ́ńtà di olówó.

Ìdánwò náà gan-an ò sì mọ́ tóó. Ṣebí a jọ rí ti oṣù kẹjọ 2025, WAEC gbé èsì jáde pé 38.32% ló rí kírẹ́dìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti máàsì, nígbà tí wọ́n yẹ ẹ́ wò wọ́n rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan, máàsì wà nínú wọn, wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96%. Wọ́n sọ ọ́ síta fúnra wọn, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ọmọ tó ti sunkún sùn kí àtúnṣe tó dé.

Tísà_Ìṣirò_Èkìtì
Àbúrò, ọ̀rọ̀ aṣọ òkè yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí special centre, ohun tójú wa ń rí lójú ogun ìdánwò ju ẹnu lọ. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Adùkẹ́_Peckham
Ẹ kú àpérò o. Mo ní àwọn ọmọ méjì níléèwé níbí, n ó kàn sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ní England, tọ́mọ bá ti ṣe GCSE (ó jọ WAEC tiwa) tán lọ́dún 16, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú fún A-level, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ọmọbìnrin mi mú History, English àti Religious Studies, kò sẹ́ni tó bi í ní ìṣirò mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jáwọ́ lára rẹ̀ o. Láti 2014, ọmọ tí kò bá rí grade 4 nínú máàsì àti Gẹ̀ẹ́sì ní GCSE, tó bá ṣì ń lọ síléèwé, á máa kọ́ ọ lọ ni títí á fi pé ọdún 18, iléèwé tí kò bá kọ́ ọ máa pàdánù owó lórí ọmọ yẹn. Ọmọ àǹtí mi kan wà nínú rẹ̀ báyìí, ó ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti sú u. Torí náà kò dùn níbí náà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tún un ṣe, ó wà nínú college, ó ń kọ́ ohun tó fẹ́ràn lọ. Kò jókòó sílé. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yàtọ̀ sí tiwa.

Ará_Pọ́bẹ̀
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Pọ́bẹ̀ ni mo wà, lápá ibí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, BAC, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì, ló ń múni wọ yunifásítì, BAC náà sì ní oríṣiríṣi: A fún àwọn tó ń ka èdè àti lítíréṣọ̀, B fún ọ̀rọ̀ ajé, C àti D fún sáyẹ́ǹsì. Ọmọ A náà ń ṣe máàsì, ṣùgbọ́n coefficient rẹ̀ kéré. Ìyẹn ni pé wọ́n á gba máàkì rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kékeré, Faransé àti fìlọ́sọ́fì á ní nọ́ńbà ńlá. Tọ́mọ bá kùnà máàsì, ó lè fi Faransé gbé e. Máàsì wà níbẹ̀, kò dẹ̀ lè pa á. Ó yà mí lẹ́nu pé Nàìjíríà ò wo apá ibẹ̀, wọ́n kàn ń sọ pé ó pọn dandan, kò pọn dandan.

Ṣadé_kékeré
@ÌyáTẹ́ní mà, kí ló dé tí ẹ ò gbé e lọ Cotonou? Aládùúgbò wa ní agent kan tó mọ ọ̀nà, wọn ò béèrè máàsì, kíá ni.

Ará_Pọ́bẹ̀
Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gba ìyá yìí nírú ìmọ̀ràn yẹn. Yunifásítì gidi wà lọ́dọ̀ wa, Abomey-Calavi wà, Parakou wà, BAC ni wọ́n ń gbà, Faransé dẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ibi tí agent ń múni lọ yẹn yàtọ̀. Ẹ ti gbàgbé Umar Audu, akọ̀ròyìn Daily Nigerian tó gba dìgírì níbí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Torí ìyẹn ni Nàìjíríà ṣe dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò dúró ní oṣù kìíní 2024. Àwọn ọmọ tó kàwé lóòótọ́ ni ìyà ẹ̀ jẹ jù.

ÌyáTẹ́ní_Òṣogbo
Ẹ ṣeun o Ará Pọ́bẹ̀. Mi ò ní gbé e lọ ibì kankan tí n kò lè fojú rí olùkọ́ rẹ̀.

Kúnlé_SS3
Ẹ jọ̀ọ́, Economics ńkọ́? Accounting ńkọ́? Mo gba E8.

BàbáAdmission
Méjèèjì nílò kírẹ́dìtì máàsì o, tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ Law kó wo brochure yunifásítì tó fẹ́ gan-an, má gba ti ẹnu ọ̀rẹ́.

Olùkọ́_Èdè
Ẹ kú ìjókòó. Mo ń kọ́ lìǹgúísíìkì àti Yorùbá ní yunifásítì kan ní ìhà ibí, torí náà ọ̀rọ̀ ọmọ Ìyá Tẹ́ní kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Kò sí bí ẹ ṣe máa sọ̀rọ̀ àdìmíṣọ̀n tẹ́ ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ohun tọ́mọ ń bá nínú kíláàsì. NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, gbé kàríkúlọ́ọ̀mù tuntun jáde ní oṣù kejìlá 2022, CCMAS ni wọ́n ń pè é, òun ló rọ́pò BMAS àtijọ́, láti sáà 2023/2024 ló ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn 100 level. 70% inú rẹ̀ ti Ábújá wá, 30% ló kù fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, pariwo nígbà náà pé iṣẹ́ Senate (ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan) ni NUC gbà ṣe, èmi náà wà lára àwọn tó pariwo, mi ò tíì yí ọkàn padà, torí 30% kéré fún ẹ̀ka bíi tiwa tó jẹ́ pé ohun tó wà ládùúgbò ni ìwé wa. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà níbẹ̀, a fi ìwọ̀nba tiwa fi kọ́ọ̀sì lórí Yorùbá àti kọ̀ǹpútà sí i.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti wọlé. Ẹ mú "ọkọ", "ọkọ̀", "ọkọ́". Ọmọ á gbohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, á gba ti ìyá àgbà kan, á gba ti ọmọdé, á gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á fún un ní nọ́ńbà: ohùn òkè tó báyìí, ohùn ìsàlẹ̀ tó báyìí. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè àgbàlagbà ọkùnrin lọ! Báwo ni wàá ṣe mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni? Àfi kó o ṣe àròpín, kó o fi ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀. Ọmọ tó ń sá fún nọ́ńbà á sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí logarithm níbẹ̀, kò sí bearing. D7 ọmọ Ìyá Tẹ́ní tó láti bẹ̀rẹ̀, èyí tó kù la máa kọ́ ọ. Àwọn dípátímẹ́ǹtì Art kan ti ń gba pass nínú máàsì tipẹ́ kí ìlànà yìí tó jáde.

Tísà_Modákẹ́kẹ́_tó_ti_fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ń kà á láti àná. Ó jọ mí lójú pé gbogbo yín ń bá èsì jà, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ibi tó ti bàjẹ́.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ ńbí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n wá ní olùkọ́ pàtàkì tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ ní kí ọmọ ka 45 ní Yorùbá. Márùndínláàádọ́ta. Kí ló ṣe? Ó mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ó di ọgọ́ta. Ó yọ mẹ́wàá, ó di àádọ́ta. Ó tún yọ márùn-ún. Ìsọdipúpọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, àyọkúrò ẹ̀ẹ̀mejì, nínú ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo. Ọmọ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní olódo nítorí pé wọ́n kọ ìbéèrè náà ní èdè tí kò gbọ́ délẹ̀. Ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba tún ti fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Ó dùn mí dé egungun.

Tísà_Ìṣirò_Èkìtì
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ọdún 17 rèé, mi ò ya márùndínláàádọ́ta sọ́tọ̀ báyẹn rí. N ó mú un wọ kíláàsì lọ́la.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọlọ́dún mẹ́fà àti ti Ará Pọ́bẹ̀. Mo gbà pé kí kírẹ́dìtì máàsì má dí ọmọ Art lọ́wọ́. Ohun tí mo ṣì dúró lé ni pé kí wọ́n má fi kíláàsì sílẹ̀. Iléèwé kan wà nítòsí wa tí kò ní olùkọ́ máàsì rárá fún ọdún méjì, olùkọ́ Agric ló ń bá wọn fọwọ́ kan án. Tí irú iléèwé bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé máàsì ò dí ọmọ lọ́wọ́ mọ́, ta ló máa tún bá wọn wá olùkọ́?

Ìyá Tẹ́ní, tí ẹ bá gbà, mo ní kíláàsì lórí WhatsApp ní alẹ́ Sátidé, mi ò gba owó. Kó wá.

Mo_dúró_ọdún_mẹ́fà
Ẹ̀gbọ́n, ká ní mo mọ̀ yín ní 2011 ni.

ÌyáTẹ́ní_Òṣogbo
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú pé mi ò tètè padà. Mo gbé e lọ sí dípátímẹ́ǹtì fúnra mi. Obìnrin kan tó jókòó síbẹ̀ wo àwọn èsì rẹ̀, ó ní D7 ò burú fún kọ́ọ̀sì tiwọn, ó ní ká lo WAEC àkọ́kọ́ àti NECO. Mo ní WAEC àkọ́kọ́ kẹ̀ mà, F9 ni máàsì ibẹ̀. Ó ní torí D7 wà nínú NECO ni, Gẹ̀ẹ́sì C4 dẹ̀ wà nínú WAEC. Bí BàbáAdmission ṣe sọ gẹ́lẹ́, méjì ni kí n gbé wá. Bàbá rẹ̀ wà pẹ̀lú wa, ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, kò tíì dárúkọ aṣọ rírán mọ́ láti ìgbà náà.

Ó ti wà ní kíláàsì Tísà Èkìtì fún Sátidé méjì. Lálẹ́ àná mo ń di gàrí sínú ọ̀rá fún ọjà, ó gbé ìwé rẹ̀ wá, ó ní "Màámi, ẹ gbọ́ o, kóńgò gàrí méjì àti kóńgò ẹ̀wà kan, iye kan. Kóńgò gàrí kan àti kóńgò ẹ̀wà kan, iye mìíràn. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, kí ló ṣẹ́ kù?" Mo ní kóńgò gàrí kan. Ó ní simultaneous equation nìyẹn, òun ló fún òun ní F9.

Ọjọ́ Mọ́ńdè la fẹ́ lọ ṣe fọ́ọ̀mù JAMB. Ẹni tó bá mọ CBT centre l'Óṣogbo tí kì í fi owó lé owó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi.

BàbáAdmission
Ẹ wo inbox yín mà. Kó mú NIN rẹ̀ dání, kó sì fi Yorùbá sínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin rẹ̀ o, ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ ka Yorùbá ló ń gbàgbé.